Kẹ́ ẹ tó ra mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n pa tì, ẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀

Mọ́tò àkọ́kọ́ tí mo rà pé mo fẹ́ tún ṣe, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ló tàn mí jẹ. Ọkùnrin tó fẹ́ tà á gbé bátìrì tuntun sí i, ó bu epo díẹ̀ sẹ́nu kábúrétọ̀, ó tẹ sítátà, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò tó ti jókòó sójú kan fún ọdún mọ́kànlá ṣe figbe bọnu, èéfín gba gbogbo ibẹ̀, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, èmi ti ń ro irú ọ̀dà tí mo máa kùn ún. Mi ò wo abẹ́ ẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo gbé e délé ni mo ká kápẹ́ẹ̀tì níbi tí awakọ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé, ni mo bá rí koríko. Mo tún nu ojú wò ó, koríko ni lóòótọ́, ilẹ̀ ilé mi ni mò ń wò láti inú mọ́tò.

Títí dòní ẹ́ńjìnnì yẹn ò dà mí láàmú. Bọ́dì ló gba ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Torí náà tí ẹnì kan bá bi mí pé òun rí mọ́tò àtijọ́ kan tí wọ́n fi tapólì bò síbì kan, ṣé kóun rà á kóun fi kọ́ṣẹ́, mi ò kì í sọ pé rà á tàbí má rà á, ohun tí mo máa ń sọ ni pé bọ́dì lo fẹ́ rà, ẹ́ńjìnnì àti ìyókù kàn bá a wá ni. Bí mo ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí nìyí.

1. Ẹ yẹ ara yín wò ná

Mọ́tò tí wọ́n bá tú palẹ̀ pátápátá tí wọ́n sì tún un tò látìbẹ̀rẹ̀ lè gba wákàtí 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Ká ní wákàtí márùn-ún lẹ lè yọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 200 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́rin, a ò sì tíì ka ọ̀sẹ̀ tí ara yín ò yá, tàbí èyí tí òjò ò jẹ́ kẹ́ ẹ jáde, tàbí èyí tẹ́ ẹ kàn wò ó tó sú yín. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ ń rò lọ́kàn ni pé tó bá máa fi di ọdún tó ń bọ̀ ẹ ó ti máa wà á kiri, ẹ wá mọ́tò tó ń rìn lọ́wọ́lọ́wọ́, tẹ́ ẹ lè máa tún ṣe díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gùn ún, ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan ìtìjú, kódà òun ni mi ò bá ti fi bẹ̀rẹ̀.

Àyè ńkọ́? Mọ́tò tó wà lódidi gba àyè mọ́tò kan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti yọ ilẹ̀kùn, àga, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, mọ́tò kan ti di méjì nìyẹn, gbogbo ẹ̀ ló sì ń fẹ́ òrùlé lórí. Ẹ bi ara yín bóyá ẹ mọ irin jó. Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n jó, wẹ́dà ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín, ẹ lọ béèrè iye tó ń gbà báyìí, kó tó di pé ẹ rí mọ́tò tó wù yín, torí tó bá ti wù yín tán, ìṣirò kì í wọlé mọ́.

2. Irú mọ́tò wo ni?

Mọ́tò tó ṣọ̀wọ́n kọ́ ló dáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Èyí tó pọ̀ bíi yanrìn lẹ fẹ́, torí pé sípíà páàtì ẹ̀ ṣì wà, àwọn tó ti tú u rí pọ̀, ẹ ó sì rí fídíò fún gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá kọ̀ tí ò tú. Ẹ wo Volkswagen ìjàpá, wọ́n ṣe é láti 1938 títí di 2003, ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún, ẹ ṣì lè ra odindi ilẹ̀ ẹ̀ ní tuntun. Mini àkọ́kọ́, 1959 sí 2000, bákan náà. MGB tí wọ́n ṣe láti 1962 sí 1980, láti 1988 ni wọ́n ti tún ń ṣe odindi bọ́dì tuntun fún un, ẹni tí tiẹ̀ bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe lè ra bọ́dì kó wá kó ẹrù inú ti àtijọ́ sínú ẹ̀. Ẹ wá ronú mọ́tò tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ni wọ́n ṣe, tí gíláàsì iná ẹ̀yìn ẹ̀ kan fọ́. Ẹ lè wá gíláàsì yẹn fún ọdún méjì.

Mọ́tò tí ò ní òrùlé náà, èyí tí wọ́n ń ká orí ẹ̀ sẹ́yìn, ó rẹwà, mo gbà, ṣùgbọ́n òrùlé wà lára ohun tó ń di bọ́dì mú, níbi tí ò bá ti sí, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ló sábà ń ru èyí tó pọ̀ jù, tí irin yẹn bá wá ti dógùn-ún, mọ́tò á tẹ̀ láàárín bíi bẹ́ǹṣì tó ti gbó. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta.

3. Ẹ béèrè lórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni: kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e kalẹ̀? Gbogbo mọ́tò tí wọ́n pa tì ló nídìí, wọn kì í sì í sábà sọ ọ́ bí ẹ ò bá béèrè. Ẹni tó ní ó kú ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ síyẹn. Ẹ́ńjìnnì ló gbóná ju ara ẹ̀ lọ, ó yàtọ̀ síyẹn náà. Èyí tó burú jù ni "mo ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ẹ̀, mi ò ráyè parí ẹ̀," torí ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti tú u, ó ti kó nọ́ọ̀tì àti bóòtù ẹ̀ sínú páálí, kò kọ nǹkan kan sára páálí, ó sì ti gbàgbé. Mọ́tò inú páálí, ẹ má rà á. Ẹ ò mọ ohun tí ò sí níbẹ̀ títí dọjọ́ tẹ́ ẹ máa nílò ẹ̀.

Ẹ bi í bóyá orí kọnkéré ló wà tàbí orí koríko, bóyá abẹ́ òrùlé ni. Ọ̀rinrin tó ń tinú ilẹ̀ jáde ń jẹ irin láti abẹ́ nígbà tójú òkè ṣì ń dán. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má tẹ sítátà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé o, ẹ fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ní tútù. Tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ ti mọ̀ pé wàhálà lè wà nígbà tí wọ́n bá tẹ sítátà ẹ̀, tí wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí.

4. Ìwé ẹ̀

Kò sí ìwé, kò sí rírà, kò gbọ́dọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi nọ́ńbà ara ìwé wé èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin mọ́tò fúnra ẹ̀, kì í ṣe pátákó kékeré tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì kàn mọ́ ọn nìkan, torí ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ìyẹn. Láti 1981 ni nọ́ńbà oní 17 ti di dandan ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà I, O àti Q kì í sì í sí nínú ẹ̀. Nọ́ńbà mọ́tò tó dàgbà jùyẹn lọ máa ń kúrú, torí náà kí ó kúrú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wò ó bóyá irin àyíká nọ́ńbà ọ̀hún ní ojú àpá, bí ẹni gé e láti ara mọ́tò míì wá.

5. Ohun tẹ́ ẹ máa mú dání

Aṣọ tí ò dùn yín, tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ gan-an, òòfà kékeré tẹ́ ẹ fi aṣọ wé, sikúrúdiráfà, jáàkì àti sitáńdì irin méjì (ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró, láéláé), fóònù fún fọ́tò, ìwé àti bírò. Kẹ́ ẹ sì mú ẹnì kan tí mọ́tò yẹn ò wù lọ́wọ́. Ìyàwó mi ló ń bá mi lọ báyìí. Kò mọ kábúrétọ̀ yàtọ̀ sí rédíétọ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa ń sọ pé "kí ni omi yẹn ń ṣe nínú búùtù?"

6. Abẹ́ ẹ̀ àti bọ́dì ẹ̀

Ibí ni kẹ́ ẹ ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò yín. Àwọn àgbà ní awọ fẹ́lẹ́ ló bonú tí ò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi. Ọ̀dà ni awọ ti mọ́tò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, tó lọ láti táyà iwájú dé tẹ̀yìn, síìlì làwọn wẹ́dà ń pè é. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ò ní ṣaṣí ọ̀tọ̀ (férémù irin tí wọ́n ń gbé bọ́dì lé), síìlì wà lára egungun ẹ̀yìn mọ́tò, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ rárá. Ẹ fi òòfà yín rìn lórí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òòfà tó lágbára jù ò dáa, torí ó lè gbá irin mú láti ẹ̀yìn bọ́dì fílà tínínrín (nǹkan bí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń dí ojú ihò ara bọ́dì kí wọ́n tó kùn ún), èyí tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì ló tọ́. Ọjọ́ tí mo lọ wo mọ́tò kejì, òòfà mi ń lẹ̀ mọ́ síìlì wẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn bọ̀, ó kù bí ìka mẹ́rin kó dé táyà iwájú ni ó kàn já bọ́ sílẹ̀ láìpariwo. Mo gbé e padà, ó tún já bọ́. Mo fi èékánná kan ibẹ̀, ó dún bíi pákó. Bọ́dì fílà ni gbogbo ibẹ̀, wọ́n fi yanrìn fá a, wọ́n kùn ún, ó dán ju ibi tó jẹ́ irin gidi lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ onímọ́tò mo sì bá tèmi lọ. (Àmọ́ tí bọ́dì ẹ̀ bá jẹ́ alumíníọ̀mù tàbí fáíbà látilẹ̀wá, òòfà ò ní lẹ̀ mọ́ ibì kankan, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.)

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ṣé ó wálẹ̀ díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ṣí i? Ẹ tì í, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín òun àti bọ́dì, ṣé ó dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀? Ẹ wá fi jáàkì gbé mọ́tò níbi tí wọ́n ní kí wọ́n máa fi jáàkì sí gan-an, ẹ rọra gbé e, ẹ tẹ́tí sí i. Tí irin bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tí jáàkì ń wọ inú bọ́dì dípò kí mọ́tò dìde, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Tí mọ́tò bá dìde, ẹ tún ṣí ilẹ̀kùn wò, tó bá ń há tàbí tí àlàfo ọ̀hún ti yí padà, bọ́dì ń tẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ ká a o! Tó bá tutù tàbí tó ń rùn, ẹ wá ibi tí omi gbà wọlé, ó sábà máa ń jẹ́ rọ́bà gíláàsì iwájú tàbí irin tó wà níwájú gíláàsì yẹn níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ford Mustang ayé 1960 sí nǹkan gbajúmọ̀ fún èyí, irin ibẹ̀ á jẹ láti inú, òjò á wá máa ro sórí ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹ wo abẹ́ bátìrì náà, torí ásíìdì. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Volkswagen ìjàpá wà, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ló sì sábà ń kọ́kọ́ lọ. Ti Porsche 914, ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, lókè, ni wọ́n gbé e sí, níbi tí ásíìdì ti ń kán sórí irin tó di táyà ẹ̀yìn mú, ibẹ̀ burú débi pé àwọn tó ní mọ́tò yẹn fi ọ̀run àpáàdì sọ ọ́. Ti Mini, férémù tó di táyà ẹ̀yìn mú ni kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí. Mọ́tò yòówù kó jẹ́, ẹ wá ibi tí tirẹ̀ ti máa ń jẹ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀dà tó wú bíi rórẹ́, má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ojú ara nìkan ni. Láti inú ni irin ti ń jẹ bọ̀ síta, tó bá fi máa wú síta bí owó ẹyọ, ti inú lè ti tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onímọ́tò kẹ́ ẹ fi sikúrúdiráfà tẹ ibẹ̀ àti abẹ́, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa gún un o, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́. Irin gidi á ta yín padà. Tó bá ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án, òun náà ti mọ nǹkan tó wà níbẹ̀. Tí abẹ́ mọ́tò tó ti jókòó fún ọdún mẹ́wàá bá wá dúdú minimini, tó ń rùn bí ọ̀dà dúdú tuntun, ẹ bi í pé ta ló kùn ún, ìgbà wo, àti pé kí ló fi bò.

Gbogbo ibi tó bá dógùn-ún kọ́ ló yẹ kó lé yín. Abẹ́ ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú búùtù, àwọn nǹkan tí wọ́n fi bóòtù dè, ẹ ó tú u ẹ ó fi òmíràn sí i. Síìlì, ilẹ̀, ibi tí ṣọ́ọ̀kù dúró lé, ìyẹn la fi ń mọ̀ bóyá ká rà á.

7. Ẹ́ńjìnnì

Mo ti sọ pé kò jẹ́ nǹkan tẹ́lẹ̀, mo sọ àsọdùn díẹ̀. Ẹ yọ irin gééjì ọ́ìlì, tó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọnú ọ́ìlì, ó lè jẹ́ tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ó sì lè jẹ́ ìjókòó pípẹ́ lásán. Ẹ gbóòórùn ẹnu táǹkì epo, bẹntiróòlù tó ti pẹ́ máa ń rùn bíi fáníìṣì, ẹ ti mọ̀ pé ẹ máa fọ táǹkì, ẹ máa pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, ẹ máa tú kábúrétọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ gan-an ni bóyá ó ń yí. Ẹ fi gíá sí níútírà, ẹ yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, ẹ fi sípánà gígùn sí nọ́ọ̀tì iwájú púlì (àgbá tó ń yí bẹ́líìtì níwájú ẹ́ńjìnnì), ẹ fọwọ́ yí i. Tó bá yí, ó dáa. Tó bá kọ̀, ẹ má fi sítátà fipá yí i, ẹ́ńjìnnì tó há lè tú lẹ́yìn tí ọ́ìlì tín-ín-rín bá ti wà nínú sílíndà ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ ẹ ò lè dúró ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, torí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti há, ẹ fi owó ẹ́ńjìnnì míì sínú ìṣirò. Tó bá yí tẹ́ ẹ sì ní gééjì kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n (èyí tí wọ́n fi ń wọn agbára tí sílíndà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀), ẹ wọn sílíndà kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù má fi ju nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 lọ síra.

8. Bírékì, táyà, wáyà

Ẹ kà á sí pé gbogbo ẹ̀ ti lọ. Ọ́ìlì bírékì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, irin inú ẹ̀ á ti dógùn-ún. Táyà lè ní ojú tó jinlẹ̀ kó sì ti kú: ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀, 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009, tó bá jẹ́ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ṣe é kó tó di ọdún 2000, ẹ má fi rìn dé ìkóríta. Ní ti wáyà, ẹ wá ìtẹ́ eku. Eku fẹ́ràn wáyà mọ́tò tó dákẹ́, ìtẹ́ tó bá sì wà lórí ibi tí èéfín ń gbà jáde lè gbiná lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ sítátà. Ohun kan péré tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí níbí: ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú bírékì àtijọ́, asibẹ́sítọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀, ó ń pa ẹ̀dọ̀fóró.

9. Ohun tí ò sí níbẹ̀

Ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe láti wo ohun tó bàjẹ́, ohun tí ò sí ni kẹ́ ẹ kọ. Báńpá oníkúrómù, ìdérí táyà, gíláàsì iná, ọwọ́ ilẹ̀kùn, rédíò, kọ́kọ́rọ́, irin tín-ín-rín tó yí gíláàsì ká. Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ ẹ ó rí tún ṣe, ṣùgbọ́n irin kékeré tí ilé iṣẹ́ kò ṣe mọ́ látọjọ́ pípẹ́ lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Mọ́tò tó pé tí ò rìn sàn ju èyí tó ń rìn tí ò pé.

10. Ìṣirò, lẹ́yìn náà ẹ lọ sùn

Ẹ má san owó lọ́jọ́ yẹn. Ẹ padà sílé, ẹ fi ìlà pín ìwé sí mẹ́ta: ohun tẹ́ ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe, ohun tẹ́ ẹ máa gbé fún ẹlòmíì ṣe, ohun tẹ́ ẹ máa rà. Ẹ kọ iye sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye gidi tẹ́ ẹ béèrè, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rò. Ẹ rò ó pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìdajì ẹ̀ lé e, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ẹ ò tíì rí inú síìlì. Ẹ wá wo iye tí wọ́n ń ta irú mọ́tò yẹn kan náà tí ẹlòmíì ti tún ṣe parí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbà ni tiyín máa wọ́n jù ú lọ. Ìyẹn nìkan ò ní kẹ́ ẹ má rà á, àwọn èèyàn ń náwó sórí eré ìdárayá tí ò ní báńpá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó hàn sí yín pé eré lẹ fẹ́ ṣe, kì í ṣe òwò.

Lójú tèmi: síìlì àti ilẹ̀ le, ìwé pé, mọ́tò pé, sípíà wà, ẹ rà á bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tiẹ̀ há. Síìlì jẹ díẹ̀, ẹ sì mọ irin jó tàbí ẹ fẹ́ kọ́ ọ, ẹ gbé ìwé yín lọ bá onímọ́tò, ẹ fi ọ̀wọ̀ ka ohun tẹ́ ẹ rí fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí àwọn fọ́tò ná an fún yín. Síìlì, ilẹ̀ àti ibi tí ṣọ́ọ̀kù dúró lé, tó bá ti jẹ́ méjì nínú mẹ́ta ló ti lọ, ẹ jẹ́ kẹ́lòmíì rà á.

11. Tẹ́ ẹ bá rà á

Ẹ má gbìyànjú láti wà á délé, ohun yòówù kí onímọ́tò sọ. Ẹ wá ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀, èyí tó ní wíńṣì (ẹ̀rọ tó ń fi okùn wáyà fa mọ́tò gun orí ẹ̀), torí ó ṣeé ṣe kí bírékì ti gan mọ́ táyà. Kẹ́ ẹ tó so ó mọ́lẹ̀, ẹ bẹ onímọ́tò kó bá yín wo inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, abẹ́ tábìlì, orí àjà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Inú gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan tó ti gbẹ ni mo ti rí ọwọ́ ilẹ̀kùn òsì mọ́tò tí mò ń gùn báyìí, ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní láti ọjọ́ tí ọmọ òun ṣì ń jẹ́lé-ó-sinmi lòun ti ń wá a.